Clementina de Jesus: Ìyá Tó Di Olórin Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún

Ìtàn ìyá kan ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ni mo fẹ́ sọ fún yín. Clementina de Jesus ni orúkọ rẹ̀.

Wọ́n bí i ní 1901 ní ìlú Valença, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì. Ẹ ṣírò ó, ọdún 13 péré ló wà láàárín! Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni Clementina.

Ìyá rẹ̀ máa ń kọrin tó bá ń fọṣọ. Clementina á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa gbọ́. Ibẹ̀ ló ti mọ orin jongo, orin iṣẹ́ àti orin àdúrà àwọn àgbà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún un o. Etí ló fi gbọ́ ọ, inú ló tọ́jú ẹ̀ sí.

Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n kó lọ sí ìlú Rio. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ Albino, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò Mangueira, níbi tí orin samba ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe jẹun fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ó ń fọṣọ fún wọn, ó ń dáná fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó orin fún un, síbẹ̀ kò yéé kọrin níbi ọdún ṣọ́ọ̀ṣì àti láàárín ọ̀rẹ́.

Ní 1963, akéwì kan tó ń jẹ́ Hermínio Bello de Carvalho gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọrin, ẹnu yà á. Ohùn ìyá náà nípọn, ó sì le, kò jọ ti àwọn obìnrin orí rédíò rárá. Ní 1964, ó gbé e sórí ìtàgé pẹ̀lú Turíbio Santos tó ń ta gìtá. Clementina ti pé ẹni ọdún 63 nígbà náà! Ní 1965, ó wà nínú eré Rosa de Ouro pẹ̀lú Paulinho da Viola, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Ní 1966, ó ṣe àwo orin tirẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì kọrin ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú. Áfíríkà tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ, òun náà fi orin padà síbẹ̀.

Ní 1982, òun àti àwọn méjì mìíràn ṣe àwo orin O Canto dos Escravos, orin àwọn ẹrú tó ń wa dáyámọ́ńdì ní Minas Gerais. Ó kú ní 1987. Kò di olówó, ṣùgbọ́n orin ìyá rẹ̀ kò bá a wọ sàréè.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyí. Tá a bá ń fọṣọ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Sátidé, mo máa ń kọ orin tí ìyá mi àgbà kọ́ mi, àmọ́ nínú ọ̀fun ni, kí wọ́n má bàa fi mí ṣẹ̀sín pé ará oko ni mí. Ká ní Clementina tijú bẹ́ẹ̀, kí ni Hermínio ì bá gbọ́? Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá kọ ọ́ síta. Ẹni tó bá mọ ègbè rẹ̀, kó bá mi gbè é.