Muhammad Shitta Bey: Ogún Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Àwa ọ̀dọ́ Victoria Garden City àti Ajah mọ iye tí àwọn òbí ń ná lórí ilé-ìwé. Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lóṣù yìí, ẹ̀sìn ni ogún tó jẹ lọ́wọ́ òbí.

Ọdún 1824 ni a bí Muhammad Shitta ní Waterloo, nílẹ̀ Sàró. Yorùbá ni Sàlú bàbá rẹ̀ àti Àíṣátù ìyá rẹ̀. Lásìkò náà, àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ló kún ilẹ̀ Sàró, abẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ni a sì ń fi ọ̀pọ̀ wọn sí. Ó rọrùn fún Mùsùlùmí láti gba orúkọ tuntun, kí ó sì máa tẹ̀lé èrò lọ. Sàlú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Fourah Bay ní 1831, ó sì di Lèmọ́mù níbẹ̀. Ojú ọmọ yìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Wọ́n dé Àgbádárìgì ní 1844. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni bàbá kú. Ọmọ kọjá sí Èkó, ó ń ṣòwò, títí ó fi dé odò Ọya lọ́dọ̀ àwọn Nupe. Awọ, ẹ̀gúsí, obì àti aṣọ wà lára ọjà rẹ̀. Owó dé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé Lèmọ́mù tí ó ti jáde.

Mọ́sáláṣí tó kọ́ sí Martins Street ni ẹ̀rí. João da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló yàwòrán rẹ̀. Ní July 4, 1894 ni a ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ará Liverpool, wá ṣojú Súltáánì ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá.

Súltáánì tún rán iṣẹ́ sí àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ yìí le lójú àwọn òbí ìgbà náà. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, ọmọ tó bá sì wọlé ní Bùráímọ̀ lè jáde ní Abraham. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí Sàlú sá fún ní Waterloo náà ni wọ́n ń sá fún.

Shitta Bey kú ní July 4, 1895, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí mọ́sáláṣí rẹ̀ ṣí. Ní 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti lè kọ́ ìwé láì yí orúkọ padà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, òun àti àwọn òbí rẹ̀.