Eugène Houdry, Ẹni tí Ó Fi Amọ̀ Sọ Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Epo di Pẹtiróòlù

Ní Mahintẹ̀dó àti ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ, pẹtiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu, a sì ń wa epo rọ̀bì lábẹ́ òkun tí ó wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì kì í ṣe pẹtiróòlù. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ìtàn ọkùnrin ará Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàrin méjèèjì.

Ní ọjọ́ 18 oṣù April, ọdún 1892, ni a bí Eugène Houdry ní Domont, nítòsí Paris. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì jáde ní ọdún 1911 gẹ́gẹ́ bí ẹni kìn-ín-ní nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jagun nínú ọkọ̀ ogun onírin, ó sì gbọgbẹ́ ní Juvincourt ní ọdún 1917. Lẹ́yìn ogun, eré ìje ọkọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, èyí ni ó sì mú un ronú sí epo tí ó dára. Ó gbìyànjú láti fa pẹtiróòlù jáde láti inú èédú ilẹ̀. Ní ọdún 1929 iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, pẹtiróòlù sì jáde, ṣùgbọ́n owó tí ó ná wọn ju iye tí a lè tà á lọ, ìjọba sì fà sẹ́yìn.

Ó wá kọjú sí epo rọ̀bì. Ẹni tí ó ti rí bí àwọn ará etí omi ti ń pọn ògógóró (a kò yin ọtí náà o, iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń sọ) yóò mọ ìpele kìn-ín-ní: iná mú ooru gòkè, ooru sì di omi nínú ohun èlò mìíràn. Báyìí ni pẹtiróòlù ṣe ń kọ́kọ́ kúrò lára epo rọ̀bì, kẹrosíìnì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dísẹ́ẹ̀lì; èyí tí ó nípọn a sì kù nísàlẹ̀. Ìyàsọ́tọ̀ lásán ni èyí. Houdry mú ooru epo tí ó nípọn gba orí amọ̀ gbígbóná kan, amọ̀ náà sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó di pẹtiróòlù, láìjẹ́ pé amọ̀ fúnra rẹ̀ run.

Ìṣòro kan wà: láìpẹ́, èédú a bo amọ̀ náà, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Houdry to àwọn ìkòkò irin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan ti ń fọ́ epo, a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí òmíràn láti jó èédú rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn a sì pààrọ̀ iṣẹ́. Lójú tiwa, ibí yìí ni ọgbọ́n ọkùnrin náà wà ju inú amọ̀ lọ.

Ní ọdún 1930 Amẹ́ríkà pè é. Ní ọdún 1937 ilé iṣẹ́ Marcus Hook bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó di pẹtiróòlù níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Epo yìí gbé ọkọ̀ òfúrufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nítorí pé ó dúró ti de Gaulle, ìjọba Vichy sọ pé kì í ṣe ọmọ Faransé mọ́. Ó di ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1942.

Ìyẹ̀fun amọ̀ tí ń ṣàn ti gba ipò ìkòkò rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ilé ìfọpo Dangote ń lò ní Lẹ́kì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń se epo rọ̀bì ní ìkọ̀kọ̀ nínú igbó ẹ̀gbà Niger Delta kò kọjá ìpele kìn-ín-ní, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí Houdry ń sọ di ọrọ̀ ni wọ́n sì ń dà sínú omi tí ẹja ń gbé.

Ní ọjọ́ ogbó, ó ṣe ohun èlò tí ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, ṣùgbọ́n òjé tí a ń pò mọ́ pẹtiróòlù ń ba á jẹ́. Ó kú ní oṣù July, ọdún 1962. Ní ọdún 1975 ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ọkọ̀ Amẹ́ríkà káàkiri, pẹ̀lú pẹtiróòlù tí kò ní òjé.