Awólọ́wọ̀: Ọmọ tí ikú bàbá fẹ́ lé kúrò nílé ìwé

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909 ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ. Àgbẹ̀ tó tún ń la pákó ni bàbá rẹ̀. Bàbá yìí fi ọmọ sílé ìwé lásìkò tí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé oko ló yẹ ọmọ. Àmọ́ lọ́dún 1920, bàbá kú. Ọmọ náà ò ju ọdún mọ́kànlá lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò máa san owó ilé ìwé mọ́.

Ó gba Abẹ́òkúta lọ. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ń ṣẹ́gi tà, kó lè rówó kàwé. Bówó bá tán, ẹ̀kọ́ a dúró. Bó bá tún rí díẹ̀, a padà sí kíláàsì. Báyìí ló ṣe dé Wesley College, Ìbàdàn, lọ́dún 1927. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944.

Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Awólọ́wọ̀ ò gbàgbé ohun tójú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1952, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Stephen Awókòyà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀. Owó orí ni wọ́n fẹ́ fi kún láti fi ṣe é. Inú bí àwọn aráàlú gan-an. Nígbà ìbò ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ nílé ara wọn. Síbẹ̀, Awólọ́wọ̀ ò yí ohùn padà.

Ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955 lètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 lé díẹ̀ ní 450,000. Lọ́dún 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Tíṣà ò tó, kíláàsì ò tó, àmọ́ wọn ò tún ní lé ọmọ wálé nítorí owó ilé ìwé mọ́. Ọmọbìnrin tí wọn ì bá fi sílé kó máa pọn àbúrò rẹ̀ náà rí síléètì gbé lọ́wọ́. Ọmọ aláìníbaba náà jókòó ti ọmọ olówó.

Awólọ́wọ̀ kú lọ́jọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1987. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Nàìjíríà náà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé lọ́dún 2003. Òfin náà sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sílé ìwé, ó sì ka kíkiri ọjà lójú títì léèwọ̀ fọ́mọdé.

Àmọ́ bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá lù lónìí, ẹ wo inú gáréèjì. Ọmọ tó gbé omi inú ọ̀rá lórí, tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹ̀tọ́ tí Awólọ́wọ̀ ṣẹ́gi tà nítorí rẹ̀ ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.