Ibn al-Haytham, Onímọ̀ Ará Básírà Tí Ó Wádìí Ojú

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abu Ali al-Hasan ibn al-Haytham. Alhazen ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ó ti kú láti nǹkan bí ọdún 1040, ṣùgbọ́n kò sí dókítà ojú kan, ìbáà ṣe ní Ìkẹjà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú mi rántí rẹ̀ ni pé ní agbègbè wa yìí, láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Agége, àwọn ènìyàn wà tí ojú wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀.

Ìlú Básírà ní ilẹ̀ Ìráàkì ni a ti bí i ní ọdún 965, èyí tí í ṣe ọdún 354 ti Hijira. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ó kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, ó sì ka ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́ tí àwọn Lárúbáwá ti túmọ̀ sí èdè tiwọn. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ju 90 lọ.

Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kan kó o sí wàhálà. Ó ní bí òun bá wà ní Íjíbítì, òun yóò ṣe ohun kan sí odò Náílì tí yóò fi wúlò, ìbáà jẹ́ ìgbà tí ó bá kún tàbí ìgbà tí ó bá fà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí al-Hakim, kálífà tí ó ń jọba ní Káírò. Ọba yìí fi owó àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ pè é, nígbà tí ó sì dé, ọba fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ta ni irú ìyẹ́sí bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ lórí? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá odò náà lọ sókè dé itòsí Aswan, tí ó ń rí àwọn ilé òkúta ńláńlá tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kọ́ lójú ọ̀nà, ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá ṣe é ṣe, àwọn wọ̀nyẹn ì bá ti ṣe é. Ó padà wá jẹ́wọ́ fún ọba. Ní ọdún 1970 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdènà odò ńlá tí ó wà ní Aswan, ẹ̀rọ tí a sì fi kọ́ ọ kò sí láyé nígbà tirẹ̀.

Al-Hakim kì í ṣe ọba tí ènìyàn ń ṣe ìlérí fún kí ó má mú un ṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí pípa ènìyàn. Ó fún Ibn al-Haytham ní iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú ń ba ọkùnrin náà. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n gba ẹrù rẹ̀, wọ́n sé e mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí ọba fi kú ní ọdún 1021. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọba ti kú, orí rẹ̀ pé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí al-Azhar, tí ó ń da ìwé kọ fún títà. Ìwé mẹ́ta ni ó máa ń dà kọ lọ́dún, dínárì 150 ni wọ́n sì ń rà wọ́n, òun náà ni ó ń jẹ títí ọdún fi ń yípo. Àwa tí a mọ wàláà àti tàdáwà mọ bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ni Kitab al-Manazir, ìyẹn ìwé nípa ìríran, apá méje ni ó sì pín sí. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n bí Euclid àti Ptolemy ti kọ́ni pé ojú ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde lọ bá ohun tí a ń wò, bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ lọ kan nǹkan. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ibn al-Haytham kò gbà á nítorí pé àgbà ni ó sọ ọ́. Ó wò ó pé bí a bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú a máa dun ni. Ohun kan ń ti ìta wọlé nìyẹn. Ó tún mú yàrá kan tí ó ṣókùnkùn, tí ó ní ihò kékeré lára, ó to àtùpà mélòó kan síwájú ihò náà níta. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri. Bí ó bá fi nǹkan bo ọ̀kan nínú wọn, tirẹ̀ nìkan ni yóò parẹ́. Bí ó bá ṣí i, yóò tún padà. Nípa báyìí ó fi hàn pé ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀, àti pé wọn kì í dàpọ̀ mọ́ra bí wọ́n tilẹ̀ gba inú ihò kan ṣoṣo kọjá. Kámẹ́rà tí a ń gbé kiri lónìí, kí ni bí kò ṣe yàrá òkùnkùn tí ó ní ihò?

Kò rí gbogbo rẹ̀ ṣá o. Ó rò pé ara ohun tí ó dà bí dígí, tí ó wà lẹ́yìn ọmọlójú, ni ìríran ti ń ṣẹlẹ̀. Bí òun ti yẹ àwọn àgbà wò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó dé lẹ́yìn yẹ òun náà wò. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìnì ní nǹkan bí ọdún 1200, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Basel ní 1572. Ní 1604, Johannes Kepler, ará Jámánì, fi hàn pé awọ tínrín tí ó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ẹyinjú ni àwòrán ohun tí a ń wò ń bọ́ lé. Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ti ń fi shabaka pe awọ yìí. Ọmọ ilé kéú mọ̀ pé àwọ̀n ni shabaka. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ tí àwọn náà fi ń pe àwọ̀n ni wọ́n mú, ni ó fi di retina tí dókítà ń pè létí wa.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ inú ojú, kí ló dé tí ọmọlójú fi dúdú bí inú kànga? Hermann von Helmholtz, ará Jámánì mìíràn, tú u palẹ̀ ní 1851. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé a máa gba ojú ọ̀nà tí ó bá wọlé padà jáde, ṣùgbọ́n orí ẹni tí ó fẹ́ wò ó ni ó ń dí iná lọ́nà. Ó fi dígí kan darí iná sínú ojú, òun sì ń wò láti ẹ̀yìn dígí náà, ni ó bá rí ẹ̀yìn ẹyinjú ènìyàn alààyè. Láti ibẹ̀ ni a ti dé orí ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú, àti èyí tí ó dé ní 1991 tí wọ́n ń pè ní OCT, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí awọ náà ti nípọn tó.

Àrùn kan tí wọ́n ń fi àwòrán wọ̀nyí wá láàárín àwa ènìyàn dúdú ni glọkómà. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí ń wọlé tí ń jáde. Bí ọ̀nà tí ó ń gbà jáde kò bá já gaara, ojú a máa le sí i, a sì máa pa okùn ìríran tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ. Okùn náà ní fọ́nrán tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Nínú fọ́tò, ibi tí okùn náà ti jáde dà bí àwo roboto tí ó ní kòtò díẹ̀ láàárín. Bí fọ́nrán bá ti ń kú, kòtò a máa fẹ̀, etí àwo a máa tín-ín-rín. Ẹni tí ó ni ojú kò mọ nǹkan kan. Kò dùn ún. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ojú kan a sì máa bo àléébù èkejì. Ó ṣì ń ka Àlùkùránì rẹ̀, ó ṣì ń ka nọ́ńbà ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò rí alùpùpù tí ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Oògùn tí a ń kán sójú, iná léésà àti iṣẹ́ abẹ, ìyókù ni wọ́n ń dá dúró. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ojú wọn kò le rárá tí àrùn náà sì ń jẹ okùn wọn, ìdí nìyẹn tí wíwọn líle ojú nìkan kò fi tó.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn dókítà lọ yẹ ojú àwọn tí ó ti pé 40 ọdún wò káàkiri Nàìjíríà. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 5 ni ó ní glọkómà. Nínú àwọn tí ó ní i, àwọn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó 10 nínú 100. Ní ìhà tiwa níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí yìí, àwọn wẹ́dà àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ a máa rò pé bí irin kò bá ṣáà ti fò wọ ojú, kò sí ohun tí ó ń ṣe ojú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa àáfà. Èmi náà ń ṣe àdúrà fún aláìsàn, n kò sì ní dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n àáfà tí ó bá ń fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú ní omi wàláà, láì kọ́kọ́ rán an lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún, pàápàá ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní àrùn náà, kí ó lọ yẹ ojú wò. Ẹ̀ka ojú wà ní LASUTH ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí Dọ̀pẹ̀mú, ó sì wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo okùn ìríran, kí ó má jẹ́ awò nìkan ni wọn yóò kọ fún yín. Bí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí òun ni dókítà yóò fi wé ti ọdún tí ń bọ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá kòtò náà ń fẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n lè kán oògùn tí ń la ọmọlójú sí i, ojú yóò sì ṣú fún wákàtí díẹ̀. Kí ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ lọ mú ẹlòmíràn dání tí yóò wà á padà sílé.