John Taylor, Asáré-ìje

Ǹjẹ́ o ti wo eré ìje rìléè rí ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé rẹ? Ẹni mẹ́rin ni í pín eré kan ṣoṣo sá. Ẹni àkọ́kọ́ yóò sáré dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, yóò fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún yóò sì gbéra. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, gbogbo wọn ló pàdánù. Irú eré yìí ni ó sọ John Baxter Taylor di olókìkí.

Ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1882. Aláwọ̀ dúdú ni. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Nígbà tí John wà ní kékeré, wọ́n kó lọ sí Philadelphia. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Má rò pé eré sísá nìkan ni ó mọ̀ o! Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì gboyè jáde ní ọdún 1908.

Ọdún yẹn kan náà ni ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, ẹni mẹ́rin ló sá àṣekágbá eré 400 mítà: ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, títí kan Taylor, àti ọmọ Ìlú Ọba kan, Wyndham Halswelle. Bí wọ́n ti ń sáré bọ̀, àwọn adájọ́ pariwo pé John Carpenter, ọmọ Amẹ́ríkà, dínà mọ́ Halswelle. Ní Amẹ́ríkà, òfin eré ìje ìgbà náà kò ka irú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n fagi lé eré náà, wọ́n lé Carpenter, wọ́n sì ní kí àwọn mẹ́ta yòókù tún un sá ní ọjọ́ 25.

Rò ó wò ná. Taylor kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì lé e. Ó lè sá eré náà kó sì gba wúrà. Ṣùgbọ́n òun àti William Robbins gbà pé wọ́n rẹ́ ẹnì kejì wọn jẹ, wọ́n sì kọ̀ láti sá. Halswelle nìkan ló sá a, ó sì gba wúrà.

Ní ọjọ́ 25 yẹn náà ni Taylor wọ pápá fún rìléè. Rìléè ọdún náà kò rí bí èyí tí o mọ̀. Kò sí ọ̀pá. Ẹni tó ń bọ̀ yóò kàn fọwọ́ kan ọwọ́ ẹni tó ń dúró dè é ni. Ibi tí wọ́n sá kò sì dọ́gba. William Hamilton sá 200 mítà, Nathaniel Cartmell sá 200, Taylor sá 400, Melvin Sheppard sì fi 800 parí rẹ̀. Iye mítà tí Taylor kọ̀ láti sá fún ara rẹ̀ nìkan ni ó sá fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìn-ín-ní, Jámánì ṣe ìkejì, Họ́ńgárì ṣe ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ni Taylor ṣe di ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì.

Ó padà sílé. Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tí ibà táífọ́ọ̀dù fi kọlù ú. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọdún 1908, ní ọmọ ọdún 26. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Eden, ní ẹ̀bá Philadelphia.