Ìyá Hinderer ti Kúdẹ̀tì

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ sí Kúdẹ̀tì yóò dé ilé ìsìn Dáfídì Mímọ́, ìyá ìjọ gbogbo ní Ìbàdàn, tí ó di kàtídírà lónìí. A kò lè sọ ìtàn ilé náà láìsọ ti Anna Hinderer.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Norfolk, ni a ti bí i ní 1827. Ní 1852 ó di aya David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán níṣẹ́. Ní 1853 àwọn méjèèjì wọ Ìbàdàn, Daniel Olúbi ọmọ Abẹ́òkúta sì wà pẹ̀lú wọn.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ìsìn náà, bí ilé gbogbo ará ìlú ti rí nígbà náà. A kì í mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ìpele kan ní láti gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá sì pe ilé amọ̀ ní ilé ìrọ̀rùn, kò ì tí ì gbé inú rẹ̀ la òjò mẹ́ta já. Níbẹ̀ ni ìjòyè kan ti fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, fún un láti kọ́. Ìyá ni àwọn ọmọ ń pè é, òun tí kò fi inú ara rẹ̀ bímọ.

Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, Ẹ̀gbá sì dí ọ̀nà òkun. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn, oúnjẹ sì wọ́n. Ìyá ta aṣọ, ó ta agolo, kí àwọn ọmọ ilé lè rí jẹ. Ìjàyè tú ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Lójú tiwa, àwọn ọdún wọ̀nyí ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ Kúdẹ̀tì sọlẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé ẹni tí ó ń wàásù bá ẹni tí ó ń gbọ́ pín nínú ìyàn kan náà.

Ní 1865 ni Glover, olórí Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá mú un lọ. Ó tún padà wá, ṣùgbọ́n àìlera lé òun àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní 1869. Ní oṣù kẹfà ọdún 1870 ó kú, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ìjọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀: Kúdẹ̀tì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Fún ọdún púpọ̀ kò sí òyìnbó ajíhìnrere tí ń gbé Ìbàdàn. Olúbi, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ abọrẹ̀ òrìṣà, ni ó di olùṣọ́ àgùntàn wọn, ní àkókò ogun Kírìjì àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ọlọ́jọ́ tó dé ní 1912.