Nígbà Tí Ìyà Bá Ti Inú Ilé Ọlọ́run Wá

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 55:12-22

Ìyà tí ọ̀tá fi jẹ ènìyàn máa ń dunni, ṣùgbọ́n kì í yani lẹ́nu. Èyí tí ó ń mi ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ Kristẹni ni èyí tí ó ti ọwọ́ ará wá, ọwọ́ àwọn tí a jọ ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Bóyá ìwọ tí ò ń ka ìwé ìròyìn yìí ti pa ilé Ọlọ́run tì nítorí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Fara balẹ̀ díẹ̀, kí o gbọ́ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ. Ìparí rẹ̀ ni a kì í sábà sọ.

Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Wọ́n mú Àjàyí, ọmọdékùnrin tí kò tíì bàlágà dáadáa, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì tún tà á fún tábà àti ọtí. Ìbànújẹ́ pọ̀ fún un débi pé lóru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìgbànú rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ọlọ́run tí kò tíì mọ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, tí ó sì ti mọ Jésù. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì di àlùfáà ní 1843. Nígbà tí ó di 1846, ó ti wà ní Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Olúwa, ibẹ̀ ni òun àti Àfálà ìyá rẹ̀ ti tún ríra lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tí ó gbà ni Áńnà, ìyá Sámúẹ́lì.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, gbogbo wa ni ìbá ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Canterbury, adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Etí Odò Ọya ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1867, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Àbọkọ̀ dè é mọ́lẹ̀ nítòsí Ìdáh, òyìnbó kan sì kú níbi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Aya rẹ̀ kú ní 1880. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ni ọgbẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù wá dé. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sí èyí tí bíṣọ́ọ̀bù kò lè bí nínú wọn, jókòó ní ìpàdé ní Onítṣà, wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. A kò ní sọ pé gbogbo wọn ni kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ìwádìí tó yẹ kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Dandeson, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà àgbà, wà nínú wọn.

Kí ni Crowther ṣe? Ọ̀rẹ́ mi, kò díbọ́n pé kò dun òun. Ó tako ìwà náà, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run kì í ṣe pé kí a pe ibi ní rere, tàbí kí a fi ẹnu mọ́ ẹnu nígbà tí a bá ń rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n kò fi Olúwa sílẹ̀, kò sì pa ìjọ tì. Ó ti àwọn ará ìjọ ní Délítà lẹ́yìn kí wọ́n lè máa bójú tó ara wọn nínú ìjọ Áńgílíkà kan náà. Ẹnu iṣẹ́ ni ó wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Kò rí ìdáláre kí ó tó kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di ọdún 2014, ọdún 150 lẹ́yìn tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tó dúró nínú kàtídírà náà láti tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ó ṣẹ̀ ọ́? Alàgbà ni, tàbí olùṣọ́-àgùntàn? Má ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn bi Jésù. Júdásì wà nídìí tábìlì Rẹ̀ náà. Bí o bá ní ẹjọ́, rò ó níbi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn àdúrà rẹ mọ́ ara rẹ. Bóyá ìwọ yóò rí ìdáláre láyé yìí, bóyá ìwọ kò ní rí i. Ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé rí i.

Bíbélì Yorùbá tí ó wà nílé rẹ, Crowther ni aṣáájú nínú àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò lè gba ìyẹn. Ṣí i lónìí, kí o ka Orin Dáfídì tí a kọ sókè yìí.

Àdúrà: Olúwa, wo ọgbẹ́ tí ará dá sí mi lára sàn. Má ṣe jẹ́ kí n tìtorí ènìyàn sọ Ọ́ nù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.